Bí Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Èdè Swídìn Ṣe Ń Sọ̀rọ̀ Àkóbá: Ẹ̀kọ́ fún Atúmọ̀-Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Kò sí èdè tí kò ní ọ̀nà tí ó ń gbà sọ pé ohun kan ṣe ènìyàn ní ibi, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò rí bákan náà láti èdè kan sí òmíràn. Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀nà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Swídìn ń gbà sọ̀rọ̀ àkóbá wò, láti orí ẹyọ ọ̀rọ̀ dé orí àfòmọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe àti ìhun gbólóhùn. Ó fi hàn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń mú ọ̀rọ̀ tí kò dára tí kò sì burú, tí yóò wá fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe tàbí àṣà ìlò sọ ọ́ di ibi, nígbà tí èdè Swídìn ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ibi ti wà nínú ìtumọ̀ wọn. Ó tún fi ọ̀rọ̀ oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣàlàyé pé ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì lè kan ẹ̀tọ́ ẹni tí ó fara gbá. Ní ìparí, ó gbé àbá kalẹ̀ fún àwọn tí ń túmọ̀ ìkìlọ̀ oògùn sí èdè Yorùbá.

1.0 Ìfáárà

Nínú páálí oògùn tí wọ́n ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìwé pélébé kan máa ń wà níbẹ̀. Òfin ni ó sọ ọ́ di dandan, òfin kan náà ni ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tí ará ìlú gbọ́. Ìpín kẹrin ìwé náà ni ó máa ń sọ ohun tí oògùn lè ṣe sí ara yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a rán an. Gẹ̀ẹ́sì pe ohun náà ní “side effects”. Swídìn pè é ní “biverkningar”. Ìlànà kan náà ni wọ́n tẹ̀ lé láti kọ ọ́, ohun kan náà ni wọ́n sì fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀. Síbẹ̀, bí a bá fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ méjèèjì, a ó rí i pé wọn kò wọn ibi lórí òṣùwọ̀n kan náà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Swídìn jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹbí èdè Jámáánì ni àwọn méjèèjì ti wá, àwọn ará Àríwá tí wọ́n tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé àtijọ́ sì tún kó ọ̀rọ̀ wọn wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ohun tí wọ́n kó wọ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ibi fúnra rẹ̀ wà. “Ill”, tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àìsàn àti fún ohun tí kò sunwọ̀n, èdè àwọn ará Àríwá ni ó ti wá, ó sì wà ní Swídìn títí di òní gẹ́gẹ́ bí “illa”. “Skada”, tí í ṣe ìpalára ní èdè Swídìn, jẹ́ ìbátan “scathe” inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó ṣì wà nínú “unscathed”, ìyẹn ẹni tí kò fara pa rárá. Bí àwọn méjèèjì ṣe jẹ́ ọmọ ìyá yìí ni ó jẹ́ kí ìyàtọ̀ àárín wọn yẹ ní wíwò. Èdè tí ó jìnnà síra, kò yani lẹ́nu bí wọn kò bá jọra. Ṣùgbọ́n bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ sọ̀rọ̀ kan náà, ó yẹ kí á bi wọ́n léèrè.

2.0 Ọ̀rọ̀ tí kò gbè síbì kan àti ọ̀rọ̀ tí ibi ti wọ̀ lára

Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó jù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àbájáde ni “effect”. Ọ̀rọ̀ yìí kò dára, kò burú. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ kí ó burú, a fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í: “adverse effect”, “harmful effect”, “ill effects”. Ọ̀rọ̀-ìṣe “affect” náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ pé ọ̀dá “affected” àwọn àgbẹ̀, ọgbọ́n orí ni olùgbọ́ fi mọ̀ pé ọ̀dá kì í ṣe àgbẹ̀ ní oore. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò sọ ọ́.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti kíyè sí i pé bí ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ burú nínú ìwé atúmọ̀, ẹgbẹ́ tí ó ń kó lè bà á jẹ́. John Sinclair, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham, fi àkójọ ọ̀rọ̀ inú kọ̀ǹpútà wo “set in”, ó sì ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1991 pé ohun tí kò dára, bí ìbàjẹ́ àti ìjẹrà, ni ó sábà máa ń “set in”. Ní ọdún 1993, Bill Louw pe irú ìwà yìí ní “semantic prosody”, èyí tí a lè pè ní àwọ̀ tí ọ̀rọ̀ ń rà mọ́ra láti ara àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1995, Michael Stubbs fi hàn pé “cause” náà rí bẹ́ẹ̀: wàhálà, àrùn, ikú, ìbàjẹ́ ni ó pọ̀ jù lára ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ pé nǹkan “cause”. Òǹkàwé Yorùbá kò ní jìnnà sí ohun tí Stubbs ń sọ. A máa ń fa ìjà, a máa ń fa àrùn, a máa ń fa ẹ̀jọ́. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ fa àlàáfíà, etí olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Àlàáfíà, mímú ni à ń mú un wá.

Èdè Swídìn ní irú ọ̀rọ̀ tí kò gbè síbì kan yìí pẹ̀lú: “effekt”, “verkan”, “följd”. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó ní ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ibi ti wà nínú egungun wọn. “Drabba” ni ọ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ohun búburú kọlu ènìyàn. Nígbà tí ọ̀dá dá ní Swídìn nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2018, tí iná sì jó igbó, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe kún un kí ó tó sọ pé àwọn àgbẹ̀ “drabbades”. Ọ̀rọ̀ náà ti sọ ọ́ tán. Bí ẹnì kan bá ní ayọ̀ “drabbade” òun, àwàdà ni ó ń ṣe.

“Biverkning” wà láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì. “Bi” túmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò sì burú: “biroll” ni ipa kékeré tí òṣèré kó nínú eré, “bisats” sì ni gbólóhùn tí ó fara ti òmíràn. Ṣùgbọ́n “bi” àti “verkning” pàdé lórí oògùn, wọ́n sì di ọ̀rọ̀ ibi. Bí ará Swídìn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àbájáde tí kò retí ṣùgbọ́n tí ó dùn mọ́ ọn, “bieffekt” ni ó sábà máa ń lò. Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀, lè fi “side effect” sọ méjèèjì. Ó lè sọ pé rínrìn lọ sí ibi iṣẹ́ ní “side effect” dáadáa kan, ìyẹn ni pé ara ẹni yóò le sí i.

3.0 Àfòmọ́ tí ń sọ ohun di burúkú

Níbi tí èdè Swídìn ti fi ọgbọ́n hàn jù ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “o-”. Ìbátan “un-” ti Gẹ̀ẹ́sì ni, iṣẹ́ ìyísódì ni a sì mọ̀ ọ́n mọ́: “lycklig” ni ẹni tí inú rẹ̀ dùn, “olycklig” ni ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n bí “o-” bá ṣíwájú àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ kan, kì í yí wọn sódì, ṣe ni ó ń bà wọ́n jẹ́. “Väder” ni ojú ọjọ́. “Oväder” kì í ṣe àìsí ojú ọjọ́, ìjì ni. “Gräs” ni koríko; “ogräs” ni èpò tí ń fún ohun ọ̀gbìn pa. “Djur” ni ẹranko. “Odjur” ni ẹranko abàmì tí ń dẹ́rù bani. “Vana” ni ohun tí ó ti mọ́ni lára. “Ovana” ni èyí tí ó mọ́ni lára tí kò sì yẹni. “Olycka” pẹ̀lú, tí í ṣe jàǹbá, láti ara “lycka” ni ó ti wá, èyí tí í ṣe ayọ̀ àti orí ire.

Ohun tí àfòmọ́ yìí ń sọ ni pé ibi kì í ṣe òfìfo. Ogräs wà nínú oko gẹ́gẹ́ bí koríko ṣe wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èdè Yorùbá kò ṣàìmọ ọ̀nà yìí. “Àìsàn” ni a fi “àì-” mọ “sàn” láti dá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ àìsàn tí yóò rò pé ohun tí kò sí ni à ń sọ. Àìsàn ń ṣe ènìyàn, ó ń dá ènìyàn gúnlẹ̀, a sì ń wò ó.

Àfòmọ́ méjì mìíràn tún wà. “Miss-” ń sọ̀rọ̀ ohun tí a ṣe tí kò bọ́ sí i: “misslyckas” ni kí nǹkan forí ṣánpọ́n, “missbruk” ni àṣìlò, “misshandla” sì ni kí ènìyàn lu ẹlòmíràn ní ìlù ìkà. “Van-” ń sọ̀rọ̀ àbójútó tí kò tó: “vansköta” àti “vanvård” ni kí a pa ohun tàbí ènìyàn tí ó wà ní ìkáwọ́ wa tì. Gẹ̀ẹ́sì ní “mis-” tí ó bá “miss-” dọ́gba, ó sì fi “mal-” tí ó ti ọ̀dọ̀ Faransé wá kún un, bí ó ti rí nínú “malpractice”. Fún “van-”, kò ní ẹgbẹ́ kan tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Ohun tí Swídìn fi àfòmọ́ kan sọ, odidi ọ̀rọ̀ bí “neglect” ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un.

4.0 Ta ni ó fara gbá?

Bí ibi bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Àyè tí èdè fi ẹni náà sí nínú gbólóhùn yẹ ní àkíyèsí. Nínú èdè Yorùbá, ibi fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́ olùwà, ènìyàn a sì jẹ́ àbọ̀: ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, ìyà ń jẹ ọmọ náà. Gẹ̀ẹ́sì gbé ènìyàn ṣíwájú. Ẹni tí ebi ń pa, ṣe ni ó “is hungry”. Ẹni tí ìyà ń jẹ, òun ni ó “suffers”, bí ẹni pé iṣẹ́ kan ni ó ń ṣe. Swídìn ń rìn ní àárín. Ó lè fi ibi ṣe olùwà pẹ̀lú “drabba”. Ó sì lè yí i padà sí “drabbas av”, kí ènìyàn bọ́ síwájú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a kọlù. Ó tún ní “råka ut för”, èyí tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn ṣe kòńgẹ́ aburú láìmọ̀ọ́mọ̀, irú ohun tí Yorùbá ń pè ní kí ènìyàn kàgbákò.

Nínú iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àwùjọ ní Swídìn, gbólóhùn kan wọ́pọ̀: “barn som far illa”. Bí a bá tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tí wọ́n ń rìn ní ìrìn burúkú ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ nínú ilé tàbí níbòmíràn, yálà wọ́n ń lù wọ́n ni, tàbí a pa wọ́n tì. Gẹ̀ẹ́sì á sọ pé “child abuse” tàbí “children at risk”. Ti àkọ́kọ́ ń dárúkọ ìwà ẹnì kan tí ó ṣe ọmọ níbi. Ti èkejì ń sọ̀rọ̀ ewu tí kò tíì ṣẹ. Ti Swídìn kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì dúró de ìgbà tí a bá rí ẹni tí ó jẹ̀bi kí ó tó sọ pé ọmọ náà ń jìyà. Àǹfààní wà nínú èyí, àléébù sì wà níbẹ̀. Olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì lè pe àkíyèsí sí ọmọ láìfi ẹ̀sùn kan òbí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lu ọmọ náà lè farapamọ́ sábẹ́ gbólóhùn tí kò ní olùṣe.

“Gå ut över” tún wà níbẹ̀, ìyẹn ni kí ohun kan jáde lọ sórí ẹlòmíràn. “Jobbet går ut över barnen” túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ni ó ń fara gbá wàhálà iṣẹ́ òbí wọn. Gẹ̀ẹ́sì lọ yá èdè owó láti sọ èyí. Yóò ní iṣẹ́ náà wà “at the expense of” àwọn ọmọ, tàbí pé ó “takes its toll” lára wọn. “Toll” sì ni owó ibodè. Nígbà tí jàǹbá pa ènìyàn, Gẹ̀ẹ́sì ní ó “claimed” ẹ̀mí, Swídìn ní ó “krävde” ẹ̀mí. Àwọn méjèèjì sọ jàǹbá di olówó-èlé tí ó wá gba gbèsè. Ẹni tí ó kú ni Gẹ̀ẹ́sì pè ní “victim”, láti ara ọ̀rọ̀ Látìnì fún ẹran ìrúbọ. Swídìn pè é ní “offer”, ọ̀rọ̀ kan náà tí ó ṣì ń lò fún ẹbọ títí di òní. Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sórí ẹbọ mọ́ nígbà tí ó bá gbọ́ “Brottsoffermyndigheten”, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Umeå ní 1994 láti máa ran àwọn tí ọ̀daràn ṣe ní ibi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹbọ wà nínú orúkọ náà.

Níbì kan, Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ Yorùbá ju Swídìn lọ. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn “on” lè fi hàn pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ pa ẹnì kan lára: “the phone died on me”. Yorùbá ní fóònù náà kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ń sọ “on me” bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó dùn mọ́ ọn. Swídìn lè sọ pé kọ̀ǹpútà “kraschade för mig”, ṣùgbọ́n “för mig” kan náà ni yóò lò bí nǹkan bá bọ́ sí i fún un. Èdè tí ó kó ibi sínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò kó o sínú ọ̀rọ̀-atọ́kùn yìí.

5.0 Ta ni ó fà á?

Fún ẹni tí ó fa ibi, Swídìn ní ọ̀rọ̀ tí ó tó ìpele ìpele. “Orsaka” ni ó gbòòrò jù, ó sì dà bí “cause”. “Tillfoga” àti “åsamka” wà fún kí a fi ìpalára kan ẹlòmíràn. “Ådra sig” wà fún ẹni tí ó kó àìsàn tàbí ìṣòro sí ara rẹ̀ lọ́rùn. Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni “vålla”. A ń lò ó nígbà tí ibi bá ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá, pàápàá láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Swídìn, “Brottsbalken”, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965, pe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ pa ẹlòmíràn ní “vållande till annans död”. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo “manslaughter”, níbi tí a ti ń gbọ́ pípa ketekete. “Vållande” kò pariwo pípa. Ó sọ pé ikú náà ti ọwọ́ ẹnì kan wá, ó sì dúró síbẹ̀.

Bí a bá sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má fà á rárá, èdè méjèèjì ní ọ̀nà àbáyọ. Gẹ̀ẹ́sì ní “mistakes were made”, àṣìṣe wáyé. Swídìn ní “det har blivit fel”, ó ti di àṣìṣe. Nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, òjìji olùṣe ṣì wà, nítorí ohun tí a ṣe gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó ṣe é. Nínú ti Swídìn, kò sí olùṣe kankan. Ṣe ni nǹkan dà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, bí wàrà ṣe ń kan. Oníbàárà tí ó bá rí i nínú lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ kan kọ sí i yóò ka àforíjì, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹni tí ń tọrọ rẹ̀.

6.0 Oore tí ó bí àkóbá

Oríṣi àkóbá kan wà tí ọwọ́ olóore ti ń jáde. Swídìn pè é ní “björntjänst”, iṣẹ́ oore béárì. Ìtàn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde wà nínú ìwé ìtàn olówe tí Jean de La Fontaine, akéwì Faransé, tẹ̀ jáde ní 1678. Ọkùnrin kan bá béárì dọ́rẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà sùn, eṣinṣin bà lé e nímú, béárì sì ń lé e. Nígbà tí eṣinṣin kò lọ, béárì gbé òkúta ńlá sọ lù ú. Eṣinṣin kú, ọ̀rẹ́ kú. Gẹ̀ẹ́sì ní “disservice”, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sọ bóyá ẹni tí ó ṣe é ní èrò rere lọ́kàn. Èrò rere ni ó wà ní àárín gbùngbùn “björntjänst”.

Ní Dẹ́nmárkì, níbi tí wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ kan náà ní “bjørnetjeneste”, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gbà pé oore ńlá ni ó túmọ̀ sí. Béárì lágbára, nítorí náà oore béárì ní láti tóbi. Bí ìtàn bá ti kúrò lọ́kàn ará ìlú, ọ̀rọ̀ tí ó dúró lé ìtàn náà lè yí padà sí òdìkejì ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi àkànlò èdè kọ ìkìlọ̀ tí ẹ̀mí ènìyàn so mọ́.

7.0 Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ẹ̀tọ́

Láàárín ọdún 1959 sí 1961, wọ́n ta oògùn kan ní Swídìn tí wọ́n ń pè ní Neurosedyn. Òun náà ni thalidomide, tí Jámánì ti ń tà láti 1957 ní orúkọ Contergan, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń tà ní orúkọ Distaval. Àwọn aboyún lò ó kí ara lè tù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ó ń pa ọlẹ̀ lára, débi pé wọ́n bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kò gùn tó tàbí tí kò sí rárá. Kí ọdún 1961 tó parí, wọ́n ti gbé e kúrò lórí àtẹ ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Orúkọ tí Swídìn fún àwọn tí ó fara gbá ni “neurosedynskadade”, àwọn tí Neurosedyn pa lára. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, orúkọ oògùn sì wà níwájú rẹ̀ gbọnrangandan. Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ pè wọ́n ní “thalidomide victims”. Nígbà tí wọ́n dàgbà, “survivors” borí, ìyẹn àwọn tí ó là á já. Gẹ̀ẹ́sì yí ojú ọ̀rọ̀ sí ènìyàn, ó bọ̀wọ̀ fún ìgboyà rẹ̀. Swídìn fi ojú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sórí oògùn, kò jẹ́ kí a gbàgbé ohun tí ó ṣe é. Kò sí èyí tí ó ṣìṣe nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń rántí yàtọ̀.

Níbí ni ìyàtọ̀ “biverkning” àti “skada” ti hàn kedere. “Biverkning” dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn, ó ń wo ohun tí oògùn ń ṣe. “Skada” dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó ń wo ohun tí ó bá ènìyàn. Oògùn lè ní “biverkning” lórí ìwé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tíì rí i. Kò sí “skada” láìsí ẹni tí ó fara pa. Nígbà tí Swídìn gbé ètò adójútòfò oògùn kalẹ̀ ní 1978, “läkemedelsskada”, ìpalára láti ọwọ́ oògùn, ni ohun tí ètò náà ń san owó gbà-má-bínú fún. Ẹni tí ó ní “biverkning” ń ròyìn. Ẹni tí ó ní “skada” lè béèrè.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní 2009, nígbà tí àrùn ọ̀fìnkìn H1N1 gba ayé. Swídìn fún èyí tí ó ju ìdajì àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Pandemrix. Ní 2010, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti Swídìn àti Finland pé narcolepsy, àìsàn tí oorun fi ń gbé ènìyàn lọ lójijì ní ọ̀sán gangan, ń ṣe àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ kan tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà, ju bí a ti ń rí i tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2016, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Swídìn ṣe òfin kí ìjọba lè san owó gbà-má-bínú fún wọn. Ẹ kíyè sí orúkọ òfin náà: ó wà fún àwọn tí wọ́n ṣàìsàn narcolepsy “efter pandemivaccinering”, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sọ pé nítorí abẹ́rẹ́. “Efter” ń sọ ètò àkókò. Òǹkàwé ni ó fi okùnfà kún un. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, tí ó ti wà láti 1979, lo “damage” nínú orúkọ rẹ̀, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé àbùkù ara náà gbọ́dọ̀ jẹ́ “as a result of vaccination”, ìyẹn àyọrísí abẹ́rẹ́. Òfin náà tún béèrè pé kí àbùkù ara ọ̀hún tó ìwọ̀n 60 nínú 100 kí wọ́n tó sanwó. Ọ̀rọ̀ líle wà nínú òfin kan, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ wà nínú èkejì, ṣùgbọ́n líle ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìrọ̀rùn owó.

8.0 Ohun tí ó kan atúmọ̀-èdè Yorùbá

Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ “side effects” sí Yorùbá yóò rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níwájú rẹ̀. “Àbájáde” wà, ṣùgbọ́n kò gbè síbì kan. Ìwòsàn fúnra rẹ̀ jẹ́ àbájáde oògùn. “Àtubọ̀tán” wà, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ni ó ń tọ́ka sí, nígbà tí èébì tàbí òòyì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kan tí a lo oògùn. “Jàǹbá” le jù. Aláìsàn tí ó bá kà á lè da oògùn nù, kí àrùn sì ṣe ohun tí oògùn kò ní ṣe láé. “Ìpalára” dára fún “skada”, ìyẹn nígbà tí ara ti fara pa.

“Àkóbá” ni ó bá “biverkning” mu jù. Ọ̀rọ̀ náà ti “kó bá” wá, a sì ń lò ó nígbà tí ohun tí ẹnì kan ṣe bá kó wàhálà bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n rán oògùn sí ni ó lọ, ṣùgbọ́n ó kó bá ibòmíràn lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó mu oògùn orí fífọ́ tí inú sì ń dà á láàmú mọ̀ pé inú kò bẹ oògùn níṣẹ́. “Àkóbá tí oògùn yìí lè ṣe” sọ ibi náà, kò sì sọ ọ́ di ikú. Bí ìkìlọ̀ bá wá kan ohun tí ó lè sọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara tàbí tí ó lè gba ẹ̀mí, kí atúmọ̀-èdè fi “àkóbá” sílẹ̀, kí ó lo “ìpalára”, kí ó sì dárúkọ ẹ̀yà ara tí ó kàn.

Ọ̀rọ̀ tún kù lórí iye ìgbà. Ìwé oògùn Yúróòpù pín àkóbá sí ìpele márùn-ún. Èyí tí ó wọ́pọ̀ gan-an lè ṣe ju ẹnì kan lọ nínú ènìyàn 10. Èyí tí ó wọ́pọ̀ lè ṣe tó ẹnì kan nínú 10. Èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, tó ẹnì kan nínú 100. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n, tó ẹnì kan nínú 1,000. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n gan-an, tó ẹnì kan nínú 10,000. Fún ìpele kẹta, Gẹ̀ẹ́sì ní “uncommon”, ó yí i sódì. Swídìn ní “mindre vanliga”, èyí tí kò wọ́pọ̀ tó ti ìṣáájú. Ti Swídìn ni Yorùbá sún mọ́. Bí a bá túmọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì sí “kò wọ́pọ̀” lásán, òǹkàwé lè gbọ́ ọ bí ẹni pé kì í ṣẹlẹ̀. “Kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀” fi àyè sílẹ̀ fún ẹnì kan náà nínú 100 tí yóò ṣẹlẹ̀ sí.

Ohun ìkẹyìn ni okùnfà. Yorùbá lè sọ “lẹ́yìn tí ó lo oògùn”, ó sì lè sọ “nítorí oògùn”. Atúmọ̀-èdè kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí ìwé tí ó ń túmọ̀ bá sọ “after”, kí ó kọ “lẹ́yìn”, bí ó tilẹ̀ dá a lójú pé oògùn ni ó fà á. Bí ìwé náà bá sọ “caused by”, kí ó má fi “lẹ́yìn” bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Ẹjọ́ ẹlòmíràn lè wà lórí ọ̀rọ̀ kan yẹn.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó bá ojú ló bá imú, ṣùgbọ́n èdè kọ̀ọ̀kan ni ó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń mú ọ̀rọ̀ tí kò gbè síbì kan, ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn tàbí àṣà ìlò bà á jẹ́. Swídìn kó ibi sínú “drabba”, “vålla”, “skada” àti “o-”, ó sì tún ní gbólóhùn tí ẹni tí ó ṣe ibi kò ti sí rárá. Ohun tí atúmọ̀-èdè Yorùbá lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí ó tó túmọ̀ rẹ̀: báwo ni ibi náà ṣe tóbi tó, ta ni ó fara gbá a, ta ni ìwé sọ pé ó fà á? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú Yorùbá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé àkọ́kọ́, aláìsàn tí ó ka ìkìlọ̀ náà yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fara dà á, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.